Ẹ Là Á Wò

Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé ó ti gbàgbé ojúlé mi.
Ọmú òsì ni mo fi san gbèsè,
mo fi òwú dí àyè rẹ̀ nínú kọ́mú,
mo sì ń bá àwọn ará Odòjọmu ṣàwàdà
pé èmi ni mo fúyẹ́ jù lápá kan.

Lọ́yẹ́ èṣí, bí mo ti ń pa ìpara,
ọwọ́ mi kan nǹkan lábíyá,
ó le, ó ń yọ̀,
bíi kóró àgbálùmọ̀ tí ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu.
N kò pariwo.
Mo jókòó títí ìpara fi gbẹ lọ́wọ́ mi.

Fẹ̀yìntọlá àbúrò mi ní kí n má fẹnu pè é,
ohun tí a bá pè ní í dáhùn.
Mo ní, òun ló kọ́kọ́ pè mí,
ó mọ orúkọ mi, ó mọ apá ibi tí mo ń sùn sí.
Jẹjẹrẹ ni. Jẹjẹrẹ.
Ìwọ náà pè é, ẹnu rẹ kò ní já.
Ó bú sẹ́kún.
Èmi aláìsàn ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ní ọsibítù, dókítà ọmọdékùnrin kan
kò gbójú sókè lórí tábìlì.
“Màmá, àgbà ló dé. Iṣan ni.”
Ó kọ oògùn ara ríro, ó ti ń pe ẹni tó kàn.

Ẹsẹ̀ mi fẹ́ dìde. Ẹ mọ bí wọ́n ti tọ́ wa:
bí a ti ń kúnlẹ̀ fún aláṣọ funfun la ń dúpẹ́.
Ṣùgbọ́n ìdí mi kọ̀, ó lẹ̀ mọ́ àga.

Mo ní, dókítà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ni mo fi yẹ kòkó wò fún ìjọba,
láti Òde Oǹdó dé Ilé-Olújì.
Àpò lè dúró ṣánṣán,
kí eépo hóró máa dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó,
n kì í tẹ òǹtẹ̀.
Ọ̀ọ́dúnrún hóró ni mo máa ń kà jáde,
mà á là á níkọ̀ọ̀kan, gbọọrọ,
mà á gbé e sójú oòrùn.
Àwọn oníkòkó á máa kùn pé ilẹ̀ ń ṣú, ọkọ̀ ń dúró.
Ẹ̀yìn tí mo bá là á ni mo tó ń rí i pé inú ti bu,
funfun, jẹ́jẹ́,
bí ẹni pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.
Ẹ̀yin kò tíì fọwọ́ kàn mí.
Ẹ ti tẹ òǹtẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.
Dókítà fa fáìlì mi, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀.
Ó fọwọ́. “Màmá, ẹ gbé apá yín sókè.”
Nígbà tí ìka rẹ̀ débẹ̀, ó dúró.
A jọ ń gbọ́ bí fáànù ti ń kùn.

Ní Àkúrẹ́, ẹ̀rọ àyẹ̀wò bàjẹ́.
“Ẹ padà wá lỌ́jọ́bọ̀.”
Ọjọ́bọ̀ wo? Ta ní ń tún un ṣe? Níbo ni èkejì rẹ̀ wà?
Ẹ kọ ọ́ síwèé, kí ẹ buwọ́ lù ú.
Wọ́n ní ìyá yìí ń yọni lẹ́nu.
Bẹ́ẹ̀ ni. Òkú kì í yọ dókítà lẹ́nu.

Ó padà lóòótọ́. Ìlà méjì péré ni wọ́n fi sọ ọ́.
N kò ní purọ́ pé mo rẹ́rìn-ín.
Lẹ́bàá afárá Ọ̀wẹ̀nà, mo ní kí awakọ̀ dúró,
mo sọ̀, mo bì, mo ṣan ẹnu,
mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, n kò lè jẹ ẹ́,
mo gbé e fún ọmọ tó jókòó tì mí.

Lálẹ́, mo wá ìwé iṣẹ́ mi àtijọ́ jáde,
ojú ewé ṣì kù lẹ́yìn.
Mo kọ ohun tí n ó bi wọ́n ní Mọ́ńdè:
oògùn wo, ẹ̀ẹ̀melòó, eélòó,
bó bá yọ mí lẹ́nu lóru, ta ni n ó pè.
Mo kọ mẹ́jọ, iná lọ.
Mo kọ ìkẹsàn-án nínú òkùnkùn.
Ilẹ̀ mọ́, n kò lè kà á.
Mà á mú un dání bẹ́ẹ̀.
Wọ́n ní àwọn dókítà ló mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà.