Iná Lọ, Ooru Ò Lọ

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Múnírátù fi ìkòkò oníná náà ránṣẹ́ láti Ìbàdàn,
nínú páálí, tòun ti fọ́ọ̀mù funfun tó ń han mọ́ni létí.
Mo fẹ́ da ẹ̀wà sí i lójú ẹsẹ̀.
Bàbá mi ní, "Àwẹ̀ró, fi í sílẹ̀.
Mo mọ ìdílé tó ti wá."

Ẹ má bi mí bí arúgbó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin
ṣe mọ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí.
Ó kó èédú sẹ́nu ọkọ̀ ojú irin fún ọdún mọ́kànlá,
láti Ọ̀fà yìí dé Jẹ́bà, láti Jẹ́bà padà,
nígbà tí rélùwéè ṣì ń mu omi bí ẹṣin.
Apá rẹ̀ òsì ń dán láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́,
kò sí irun níbẹ̀, ẹ̀fọn kì í bà lé e.
Ooru ló bó o. Kì í pìtàn rẹ̀.

Ó jókòó sórí àpótí, ó fa ìkòkò sáàárín ẹsẹ̀
bí ìgbà tí wọ́n ń fárí ọmọ.
Ó yọ rọ́bà etí ọmọrí, ó nà án sójú oòrùn,
ó ń wá ibi tó là.
Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó tò ó padà,
ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yí ká
bí ẹni tó ń wá iṣan lára ẹsẹ̀ tó rọ́.
Ó ní kí n fa ọwọ̀ kan yọ lára ìgbálẹ̀.
Ó kì í bọ ihò tí ooru ń gbà jáde,
ó gbé ọmọrí sókè, ó fojú kan wo ọ̀run láàárín rẹ̀.
"Imú rẹ̀ nìyí.
Ìwọ náà, tí mo bá dì ọ́ nímú, ṣé o ò ní bẹ́?"

Omi nìkan ló máa kọ́kọ́ mu, ó ní, omi lásán.
Ife mẹ́ta. Mo ní ṣé omi la fẹ́ jẹ ni?
Kò dá mi lóhùn.
Ó wo okùn iná láti orí dé ìdí,
ó nu ẹ̀yìn ìkòkò inú, kí ẹ̀kán omi kan má bàa dé ibi tí iná ń gbé.
Ara ògiri ni a ti fi iná sí i,
kì í ṣe ara ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tí Tíjání fi sẹlotépù dì.

Lákọ̀ọ́kọ́ ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó mí.
Ìṣó kékeré kan yọ lórí ọmọrí bí eyín ọmọ ọwọ́,
ìró tín-ín-rín kan já, fíìì,
bàbá mi dìde dúró, kò mọ̀ pé òun dìde.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀wà tó wọlé. A ò jẹ́ kó kọjá ìdajì,
torí ẹ̀wà a máa wú, ìfófó rẹ̀ a máa dí imú.
Kò pé ogún ìṣẹ́jú, Nẹ́pà mú iná lọ.
Gbogbo Òjọmù kígbe lẹ́ẹ̀kan.
Mo nawọ́ sí ọmọrí, iná ṣáà ti lọ.
Ọ̀pá bàbá gbá mi lọ́rùn ọwọ́.
Láti kékeré mi, kò lù mí rí.
"Iná lọ, ooru ò lọ!
Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo gbà,
ta ló bá ooru jìjàkadì tó dá a?
Ọjọ́ tí Ràfíù ṣí i, ẹ́ńjìnnì ti dúró.
Ó ti dúró! Kò dún mọ́!"

Ràfíù. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

A jókòó nínú òkùnkùn, bàbá, èmi, ìkòkò.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìṣó yẹn.
Mo rántí ìyá mi, bó ṣe ń fẹ́ iná títí rélùwéè alẹ́ fi fun fèrè,
tó máa ń ní ẹ̀wà ò tíì jinná, bàbá yín ò tíì dé,
àwọn méjèèjì mọ ara wọn.

Tín. Ìṣó wọlé.
Mo wo bàbá.
"Ka ọgọ́rùn-ún sí i."
Mo kà á. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣí i
kí èéfín lè kọrí sọ́dọ̀ ògiri.
Ẹ̀wà ti rọ̀, ó fẹ́ẹ̀ rọ̀ jù.
Bàbá tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò.
Iyọ̀ nìkan ni a ò yẹ̀ wò.