Òòlù Méjì

Ọgbọ̀n ọdún ni Bogumił fi kan irin ọkọ̀ ojú omi ní Gdańsk.
Òòlù kan lọ́wọ́ rẹ̀,
òòlù kan nínú etí rẹ̀, kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ:
ti ọwọ́ bá ró, ti etí a jẹ́.

Lónìí dókítà ya ìgbín kan fún un sórí ìwé.
“Omi ló wà nínú ìkarahun yìí.
Irun inú omi náà ń mì bí koríko odò.
Èyí tó bá ṣẹ́, kì í hù mọ́.”

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn tín-ín-rín ń dúró sí;
ibẹ̀ ló kọ́kọ́ pá.

Ó ń gbọ́ fèrè ọkọ̀. Ó ń gbọ́ ààrá.
Jagna, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń pè é lórí àtẹ̀gùn:
ètè ń ṣí, ètè ń pa dé.
Ó lóṣòó,
ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun ọmọ náà,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́.