Apá Òsì

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, lójú ọ̀nà Àfàò n'Ìkéré,
ni Ọlájùyìgbé kó irin rẹ̀ jọ sí:
páìpù kànga tó ti dógùn-ún,
sìmẹ́ǹtì tó dì gbagidi nínú garawa ọ̀dà,
bẹ́ǹṣì kan tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba.
Mo jókòó sórí rẹ̀ láago márùn-ún àbọ̀ ìdájí,
èmi tí mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí,
ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta,
pẹ̀lú ṣòkòtò ọmọ mi ọkùnrin lábẹ́ ìró.

Ó ní kí n gbé tọ̀tún. Mo gbé e.
Ó ní kí n gbé tòsì. Apá ń gbọ̀n rìrì.
Ó rẹ́rìn-ín: "Màmá, iyán ló kọ́ ọ̀tún yín níṣẹ́.
Láti ọgbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ ti ń gúnyán,
òsì kàn dúró tì í ni, ó ń wòran."

Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.
Mo wo apá òsì nínú dígí
bí ẹni ń wo àbúrò tí wọn kò rán níléèwé.

Lọ́jọ́ kejì n kò lè gbọ́wọ́ sókè ya irun.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, itan mi ń ké bí wọ́n bá ní ká dìde kọrin.
Ọkọ mi ní, "Ṣé ìjà lo fẹ́ bá mi jà ni?"
Mo ní, "Rárá o. Ara mi ni mo bá ní ẹjọ́."

Díẹ̀díẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì ń fúyẹ́,
tàbí èmi ni mò ń le sí i, n kò mọ̀.
Olósùnta ń wò wá látòkè,
èjìká rẹ̀ ń dán lẹ́yìn òjò,
kò sẹ́ni tó mọ irin tí òun náà gbé.

Nígbà tó doṣù keje, Fẹ́yíṣayọ̀ télọ̀ ta téèpù mọ́ mi,
ó wọ̀n mí, ó tún mi wọ̀n:
"Ìbàdí ti wọlé, apá ti jáde.
Ta ló gé yín tún rán?"

Lálẹ́ àná, iná lọ. Gbogbo ilé ti sùn.
Mo wọ ilé ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ ti odó ńlá,
odó ìyá ọkọ mi,
tí ọkùnrin méjì ń bá wa gbé bí a bá fẹ́ gbálẹ̀.
Ẹ̀yìn títọ́, bí ọmọ yẹn ṣe kọ́ mi,
òsì lábẹ́, ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo gbé e dẹ́nu ọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó rí mi.
Mo tún gbé e padà.