Ó Kàn Ọ́

Oòrùn ò yọ ní Kemijärvi láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Adágún ti dì, ó le bí pátákó,
àgbọ̀nrín ń fi pátákò họ yìnyín lẹ́yìn ilé,
Tuovi gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìdáná,
ó bu kọfí sínú ife tí etí rẹ̀ ti kán,
ó ní, "Veikka, ó kàn ọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Mo fẹ́ jọba kíá.
Ìlú mi ò tíì ní kànga, mo ti rọ idà;
ọkà ò tíì gbó, mo ti pe ogun jọ.
Ìyá ìyá mi ò bá mi wí.
Alamí kan ṣoṣo ló rán jáde, ẹlẹ́sẹ̀ fífúyẹ́,
pé kó lọ wo ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà.
Èmi ti ṣe tèmi tán, mo ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ àga,
òun ṣì ń fi ìka tọ àwòrán ilẹ̀:
"Òkè rèé lẹ́yìn wa, ọ̀tá ò ní gba ẹ̀yìn wọlé.
Omi rèé níwájú.
Ẹni tó tẹ̀dó sí aṣálẹ̀ nítorí wúrà,
wúrà náà ni yóò mu lọ́jọ́ tí òùngbẹ bá dé."

Mo kọ́ ilé ìṣọ́ kan tí gbogbo ayé ń wò.
Àwọn tó ń wò ó náà ló wá gbà á.

Lẹ́yìn ìwé owó iná ló ń kọ ìmọ̀ràn rẹ̀ sí,
pẹ́ńsù kúkúrú, ọwọ́ tó ń gbọ̀n díẹ̀:
*Ìlú kẹta kí ìyípo ogójì tó pé.*
*Má jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ jókòó lásán.*
*Bá aládùúgbò ṣòwò kí o tó mọ odi,*
*ṣùgbọ́n mọ odi náà.*
*Ra wàrà.*

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin,
òun ló ń yí irin kí ọkọ̀ tó dé.
Ó mọ̀ pé irin tí wọn ò yí lálẹ́
ni ọkọ̀ òwúrọ̀ máa fi ṣubú.
Nígbà tí ìlú rẹ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe rélùwéè,
ó sọ ohun gbogbo sílẹ̀,
ó so ìlú méje pọ̀ bí ẹni ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù,
ó ń kùn yùn-ùn lábẹ́ èémí.
Mo rò pé ó ti gbàgbé ayò.

Mo ti gba ìlú mẹ́ta lọ́wọ́ ọba inú kọ̀ǹpútà.
Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín sí mi nínú wọn.
Mo fi ọmọ ogun ṣọ́ èyí, èyí jó;
mo sáré pa iná ibẹ̀, ebi wọ ilé.
Mo wá fi ìbínú dó ti ìlú Tuovi kan ní ìpẹ̀kun yìnyín,
ìyípo mọ́kànlá, ẹṣin, àgbá, ọkọ̀ ojú omi,
àfi ìgbà tí mo wọlé
tí mo bá ẹja.
Ẹja nìkan.
Tuovi bu ṣúgà sí kọfí, kò wo ojú mi.

Lẹ́yìn náà ni ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ yòò:
ọkọ̀ rẹ̀ gbéra, ó gun òfuurufú,
ó ń lọ sáàárín ìràwọ̀,
gbogbo ìdà mi sì wà nílẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tó bọ́.
"Ìgbà wo lẹ kọ́ ọ?"
"Ìgbà tí o ń bínú."

Ààrò ti ń kú lọ. Ó na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà,
ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí.
"Ó kàn ọ́. Igi wà níta."
Mo wọ bàtà, mo dé fìlà,
mo mú tọ́ọ̀ṣì,
mo sì kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé,
mo wo ibi tí yìnyín ti ga, ibi tí ó ti yọ̀,
kí n tó jáde.