Núdù Ìparí Oṣù

Alẹ́ ìparí oṣù ni Ràímì máa ń gbé e wálé
láti ilé oúnjẹ ará Ṣáínà tó ń bá fọ abọ́ ní Kútọnù:
núdù ẹlẹ́ran adìẹ nínú abọ́ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.
Ẹ̀yìn alùpùpù ló ń so ó mọ́. Òjò nà án, afẹ́fẹ́ ọ̀sà nà án,
kó tó dé Àjàṣẹ́, ó ti dì bí ìtẹ́ ẹyẹ.
Àwa ò ráhùn. A ó lá ọmọrí rẹ̀ mọ́
títí a ó fi rí ojú ara wa níbẹ̀.

Nígbà tí ilé oúnjẹ náà ti ilẹ̀kùn pa,
agbada irin kan péré ló gbé bọ̀,
ó dúdú, ìdí rẹ̀ rí róbótó,
kò sí ààrò tó lè jókòó lé láìyẹ̀.
Òun ni wọ́n fún un dípò owó oṣù méjì.
Sùwébátù ò mọ dípò.
Ó ka ọjọ́ títí ó fi pé ọgbọ̀n, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, ṣebí ọwọ́ ènìyàn náà ló ń sè é?
Mo dé Wàǹdó. Mo ra igẹ̀ adìẹ, mo ra kárọ́ọ̀tì,
àlùbọ́sà eléwé, atalẹ̀ tó rí bí ìka ẹsẹ̀ àgbàlagbà,
àti ìgò omi sóyà kan tí ẹni tó tà á búra lé lórí.
Mo gé ẹran ní tínínrín, mo fi ìyẹ̀fun àgbàdo rà á lára.
Mo wá dáná bí ìyá mi ṣe kọ́ mi:
iná pẹ̀lẹ́, ìdérí, sùúrù.

Sùúrù ló ba oúnjẹ náà jẹ́.
Adìẹ ń sunkún sínú omi ara rẹ̀,
núdù lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tí ọmọdé fọwọ́ pò.
Sùwébátù wò ó, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan.
Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ràímì, tí kò tíì la ẹnu láti àárọ̀, ní:
“Iná rẹ ń tọrọ gáfárà.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi kẹ́yìn sí àwọn tó ń sè é,
etí ni mo fi kọ́ ọ.
Bí ẹran bá wọ agbada tí kò pariwo, gbé e kúrò.”

Ìdajì èlò ṣì wà nílẹ̀. Mo ti fi pamọ́, torí mo mọ ara mi.
Ó da agbada borí bí akẹtẹ̀,
ó forí lé ọ̀dọ̀ Sẹ̀míù alágbẹ̀dẹ. A tẹ̀ lé e.
Sẹ̀míù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa ọkọ́ kan tó pọ́n yọ nínú iná.
“Kí lẹ fẹ́ kí n rọ?”
“Oúnjẹ alẹ́.”

Ẹwìrì fẹ́. Ẹ̀yín iná pọ́n, ó funfun.
Òróró rú èéfín kó tó tàn dé etí agbada.
Adìẹ bọ́ síbẹ̀, ó ní ṣààà!
Ràímì rẹ́rìn-ín, irú èyí tí mo ti gbàgbé pé ó ní.
Aáyù, atalẹ̀, àlùbọ́sà. Àwọn ọmọṣẹ́ sọ ọmọ owú kalẹ̀.
Ó ju núdù sókè, ó gbà á,
ó da omi sóyà gba etí irin, kì í ṣe àárín,
òórùn rẹ̀ sì dìde, òun gan-an,
àfi pé kò tíì rin ọ̀nà kankan.
Ó parí. Ọkọ́ Sẹ̀míù ò tíì dúdú tán.

A fún Sẹ̀míù ní tirẹ̀, a gbé tiwa délé.
Mo fa abọ́ fàdákà àtijọ́ kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo ti fọ̀ ọ́ pamọ́, etí rẹ̀ ti wó,
mo bu ti ọmọ sínú rẹ̀.
Ó fi ìka kàn án, ó fà á sẹ́yìn kíá.
“Ó gbóná,” ó ní. “Òun kọ́ nìyí.”

Ọdún mẹ́fà! A ò jẹ ẹ́ ní gbígbóná rí.

Ràímì wò mí. Mo da ọmọrí bò ó.
Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí pèpéle, a kọjú sí ọ̀nà Kútọnù,
a ń dúró kí oúnjẹ wa tutù.