Ìtọ̀ Ọjọ́ Kan

Wọ́n ní kí n gba gbogbo rẹ̀, kí n má ṣòfò ẹ̀kán kan,
láti aago méje àárọ̀ àná títí di méje òní.
Mo gbà á sínú gálọ́ọ̀nù tí Nọ́ọ̀sì Rakíyà fún mi,
nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀ dípò orúkọ:
mọ́kànlélógójì.
Adégbìtẹ́ tó ń tún fíríìjì ṣe ní Sábọ̀n Gàrí
kò sí nínú ìwé wọn.

Ọyẹ́ bo Kánò mọ́lẹ̀ láàárọ̀ yìí, a ò rí òpin òpópónà.
Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé ọ̀rá dúdú lé itan.
Awakọ̀ yọjú wò ó nínú dígí,
ó fi Háúsá bèèrè bóyá oyin ni.
Mo ní oyin ni.
Ó ní èló ni gálọ́ọ̀nù kan?
Mo rẹ́rìn-ín títí ìbòmú mi fi yọ létí.

Ẹ má bínú, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ̀ láìrò ó.
Ọdún mẹ́ta gbáko, tèmi ò kún ife tíì.
Ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀,
mò ń fi ìdérí ìgò wọn omi mu,
mò ń lá yìnyín nínú fíríìjì oníbàárà
bí olè.
Lọ́jọ́ tí wọ́n rán kíndìnrín Fọlọ́ṣadé mọ́ mi nínú,
ìtọ̀ ti tú jáde kí wọ́n tó dí ojú ọgbẹ́.
Dókítà ní gbogbo àwọn ló pàtẹ́wọ́.
Mi ò gbọ́. Mo ń sùn.

Bí wọ́n ṣe la ìwádìí náà yé mi rèé:
oògùn méjì ni, ti àtijọ́ àti tuntun,
iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe,
kí ara má baà dá àlejò mọ̀.
Hóró kan náà, àwọ̀ kan náà.
Kọ̀ǹpútà kan nílùú mìíràn ló pín wa sí méjì.
Dókítà ò mọ èyí tí mò ń lò.
Rakíyà ò mọ̀.
Èmi tí mò ń gbé e mì, mi ò mọ̀.
Ìwé náà jẹ́ ojú-ewé mẹ́rìnlá, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Háúsá;
ikú wà lójú-ewé kẹsàn-án nínú èdè méjèèjì.
Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mi ò kọ́kọ́ bi Fọlọ́ṣadé.

Ó pè mí láti Ìlọfà.
"Bọ̀dá mi, mo fún yín kẹ́ ẹ máa lò ó ni,
mi ò fún yín kẹ́ ẹ máa fi dán nǹkan wò."
Mo ní ẹni tó fúnni lẹ́wù kì í bá ni yan ibi tí a ó wọ̀ ọ́ lọ.
Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ló ti korò lẹ́nu mi.
Ó dákẹ́. Ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀.
"Ojú ibi tí wọ́n gé máa ń dùn mí tí òtútù bá mú."
Ọdún méjì. Mi ò bèèrè rí.

Mo lè purọ́ pé nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mo ṣe wọ̀ ọ́.
Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, fún oṣù mẹ́rìnlélógún.
Tánkò ará Wúdìl, tí a jọ sùn ní wọ́ọ̀dù kan,
owó oògùn tán lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù keje.
Ara rẹ̀ sì dá àlejò mọ̀.

Rakíyà gbé gálọ́ọ̀nù náà sókè síbi iná,
ó fi ìka tọ ìlà ara rẹ̀.
"Lítà méjì ó lé díẹ̀. Madalla."
Ó kọ ọ́ síwájú mọ́kànlélógójì.

Mo jókòó síta lábẹ́ igi dóńgóyárò
mo fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí Ìlọfà, láìfi ọ̀rọ̀ kankan tì í.
Ó pẹ́ díẹ̀ kí fóònù tó dún.
Ó ní: Ẹ mu omi.