Ó Ń Ro Ọ̀nà

Ní aago márùn-ún tí à ń pè ní òwúrọ̀
kìkì nítorí pé aago wí bẹ́ẹ̀
(oòrùn kì í yọjú sí Skarvnes lóṣù Ọ̀pẹ̀),
Torgils gbé ṣọ́bìrì, ó ń ro ọ̀nà nínú yìnyín.
Kì í ṣe sí ẹnu ilẹ̀kùn tirẹ̀.
Sí ti Aslaug,
obìnrin tí òun pẹ̀lú rẹ̀ kò kí ara wọn
láti ọdún mọ́kàndínlógún,
nítorí ọkọ̀ ìpẹja kan tó ti jẹrà tán sí èbúté.

Ẹni tó ṣáájú mi dé abúlé yìí gbé aago àti téèpù wá.
Ó kọ ọ́ pé: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì,
mítà mọ́kànlélọ́gọ́ta,
ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.
Kò purọ́. Òǹkà rẹ̀ pé.
Ṣùgbọ́n bí a bá ka eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín,
ṣé a ti mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín?

Mo bi Torgils pé: "Bàbá, kí ló dé?"
Ó wo òkè. "Nítorí yìnyín ń rọ̀."

Mo bi Aslaug. Ó ń la ẹja, ọ̀bẹ kò dúró.
"Mi ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé rí i
pé òun lẹni rere, èmi lọ̀dájú."
Síbẹ̀ lọ́sàn-án ó gba ọ̀nà náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ àárín gan-an,
kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.
Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe èsì?

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí,
bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi.
Inú ta ni? Odidi ta ni?
Ó ń ro ọ̀nà, èmi ń rò ó,
yìnyín ń rọ̀ lé àwa méjèèjì lórí.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé: ẹ̀bẹ̀ ni.
Ọkùnrin yìí ń fi apá sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kọ̀.
Ó dùn mọ́ mi nínú. Ó dùn jù,
ni mo bá fura.

Bàbá tèmi jáde nílé wa ní Tromsø, Sátidé kan,
ó gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò,
kò padà wá bẹ ẹnikẹ́ni.
Ṣé ojú mi ni mo fi ń wo Torgils,
àbí ojú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń ṣọ́ ìbọ̀wọ́?
Mi ò lè yọ ojú yẹn sọnù kí n tó ríran;
òun náà ni mo fi ń ríran.
Ohun tí mo lè sọ fún ẹ̀yin tí ń kà mí ni pé
ibi tí mo dúró sí rèé.
Láti ibí, báyìí ló ṣe rí.

Ìtumọ̀: ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.
Ká tú u, ká mọ̀ ọ́n.
Mo tú u. Òwú rẹ̀ kún ilẹ̀ yàrá mi.
Aṣọ dà?

Mo ní láti mọ abúlé kí n tó mọ ọ̀nà kan,
mo ní láti rin ọ̀nà náà kí n tó mọ abúlé.
Mo ń yípo bí ajá tó fẹ́ dùbúlẹ̀:
ìyípo kọ̀ọ̀kan ń mú ibẹ̀ dẹ̀ díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo ka ohun tí mo kọ sí Torgils létí.
Kọfí tutù sí i lọ́wọ́.
"Ẹ̀bẹ̀," ó tún un sọ,
bí ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀wù ẹlòmíì wọ̀
tó sì rí i pé ó bá òun mu.

Lọ́jọ́ kejì, ìdajì ọ̀nà ló ro.
Mo bá a níbẹ̀, ó fara ti ṣọ́bìrì,
ó ń wo fèrèsé Aslaug tí iná ti tàn.
"Tẹ́lẹ̀, mo kàn ń ro ó ni," ó ní.
"Nísinsìnyí, bí mo bá parí rẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́.
Bí mi ò bá parí rẹ̀ ńkọ́? Kọ ìyẹn."

Mo ṣí ìwé. Bíírò mi ti dì.
Yìnyín ń rọ̀ sórí ìdajì tó ro,
ó ń rọ̀ sórí ìdajì tí kò ro,
kò dá wọn mọ̀ yàtọ̀.